ÒTÍTỌ́ DỌ́JÀ, Ó KÙTÀ: ÀGBÉYẸ̀WÒ LÁMÈYÍTỌ́ ARÒKỌ MÉJÌ LÓRÍ ÀYẸ̀WÒ ÈTÒ KỌ̀ǸPÚTÀ LÓJÚ ÌWÉ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò lámèyítọ́ aròkọ méjì tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kọ nípa bí ẹ̀rọ ṣe lè ka ètò kọ̀ǹpútà, kí ó sì tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aròkọ kìíní jáde ní ọdún 2010, èkejì jáde ní ọdún 2019. Tíọ́rì tí ó fi òǹkàwé ṣe òpómúléró ni a lò fún ìtúpalẹ̀. Iṣẹ́ yìí rí i pé kí ọ̀rọ̀ jẹ́ òtítọ́ nìkan kò tó láti mú kí ènìyàn tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe: àsìkò tí a sọ ọ́, ẹni tí a sọ ọ́ fún àti bí ó ṣe yé e sí ni ó ń gbé òtítọ́ dé ilé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí jiyàn pé àwọn òǹkọ̀wé aròkọ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi títà ọjà ṣe òṣùwọ̀n òtítọ́, èyí sì léwu. Ní ìgúnlẹ̀, a fi èyí wé ọ̀nà tí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ ń gbà máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Kókó ọ̀rọ̀: àyẹ̀wò ojú-ìwé, ẹ̀sùn èké, àfojúfò, òǹkàwé, àtúnṣe.

Ìfáárà

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, mo ka àpilẹ̀kọ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bíró pupa ni mo fi ṣe é. Gbogbo ibi tí àmì ohùn ti ṣì, gbogbo ibi tí "ọwọ́" ti di "owó", ni mo fa ilà sí. Ojú ìwé tí kò pupa kò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò parí ni mo dá a padà fún un. Nígbà tí ẹ̀dà tí wọ́n ti dì ní páálí dé ẹ̀ka wa, mo ṣí i wò: akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tún ẹyọ kan ṣe. Ó dùn mí. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Òtítọ́ ṣáà ni gbogbo ohun tí mo kọ sí etí ìwé rẹ̀.

Yorùbá ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé ẹ̀bi ọjà ni. Ọjọ́ tí mo ka aròkọ kejì nínú méjì tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè bóyá ẹni tí ó gbé òtítọ́ lọ sí ọjà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: bóyá ó pẹ́ kí ó tó dé, tàbí ó pàtẹ sí ibi tí kò yẹ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ètò kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn mi ni pé ìwé ni ètò kọ̀ǹpútà. Ènìyàn ni ó ń kọ ọ́, ní èdè tí ó ní òfin gírámà, ènìyàn mìíràn sì ń kà á. Àwọn onímọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ń kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí yóò sì máa sọ ohun tí kò tọ́ nínú rẹ̀. Ìwé kíkà àti àṣìṣe títọ́ka sí ni iṣẹ́ wa. A lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i.

Ohun tí àyẹ̀wò ojú-ìwé jẹ́

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mọ̀ bí ètò kọ̀ǹpútà bá ní àṣìṣe. Ọ̀nà kìíní ni kí a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, kí a sì máa wò ó. Ìdánwò nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni kí a má jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rárá, kí a ka ohun tí a kọ sílẹ̀ nìkan. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní static analysis; nínú iṣẹ́ yìí, àyẹ̀wò ojú-ìwé ni a ó máa pè é. Ẹni tí ó kọ ètò náà ni a ó máa pè ní akọ-ètò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò kékeré kan tí ó ń ṣírò ìpíndọ́gba máàkì kíláàsì. Ó ń ro gbogbo máàkì pọ̀, ó sì ń fi iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ìdánwò pín in. A lè fi kíláàsì mẹ́ta dán an wò, kí gbogbo rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀sì kan bá wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ṣe ìdánwò rẹ̀, òdo ni ètò náà yóò fẹ́ fi pín máàkì, ibẹ̀ ni yóò sì dákú sí. Ìdánwò wa kò sọ èyí fún wa, nítorí kíláàsì mẹ́ta tí a lò nìkan ni ó mọ̀. Àyẹ̀wò ojú-ìwé kò lo kíláàsì kankan. Ìbéèrè tí ó ń bi ìwé náà ni pé: nínú gbogbo ọ̀nà tí ètò yìí lè tọ̀, ǹjẹ́ ọ̀kan wà tí iye yìí ti lè di òdo?

Àwọn tí ó fún irú ìbéèrè yìí ní ìpìlẹ̀ tó gbópọn ni Patrick Cousot àti Radhia Cousot, tọkọtaya tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ìyàwó, Radhia, orílẹ̀-èdè Tunisia ní ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni a ti bí i. Ní ọdún 1977 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ tí ó ṣàlàyé ọgbọ́n náà jáde. Kókó rẹ̀ ni pé a kò nílò láti mọ iye gan-an tí nǹkan jẹ́. A lè mọ irú rẹ̀ nìkan. Bí a bá mọ̀ pé iye akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kéré sí 1, ọkàn wa balẹ̀, yálà 7 ni tàbí 700.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ní ààlà. Alan Turing ti fi hàn ní ọdún 1936 pé kò sí ìlànà kan tí ó lè sọ nípa gbogbo ètò bóyá yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró tàbí kò ní dáwọ́ dúró. Henry Rice mú un gbòòrò ní ọdún 1953: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìbéèrè kan tó nítumọ̀ nípa ìwà ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ lè dáhùn fún gbogbo ètò láìṣì. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó bá ń kàwé báyìí yóò ṣe ọ̀kan nínú méjì. Ó lè fẹ̀sùn kan ibi tí kò sí àṣìṣe. A ó pe èyí ní ẹ̀sùn èké. Ó sì lè fojú fo ibi tí àṣìṣe wà. A ó pe èyí ní àfojúfò. Ẹni tí ó bá ń sá fún ọ̀kan máa ń kó sí ọwọ́ èkejì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ 4, oṣù Òkúdù, ọdún 1996, ọkọ̀ òfurufú Ariane 5 ti ilẹ̀ Yúróòpù fọ́ yángá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 lẹ́yìn tí ó gbéra. Ìwádìí fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ gbìyànjú láti ki nọ́ńbà ńlá kan sínú àyè kékeré tí kò gbà á. Láti ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú apá ètò náà, níbi tí nọ́ńbà náà kò ti tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Tíọ́rì tí a lò

Wolfgang Iser ní ilẹ̀ Jámánì àti Stanley Fish ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí lámèyítọ́ yí ojú sí òǹkàwé. Lójú wọn, ìtumọ̀ kì í dá gbé inú ìwé. Ìgbà tí òǹkàwé bá pàdé ìwé ni ìtumọ̀ ń wáyé. Tíọ́rì yìí bá iṣẹ́ wa mu nítorí pé òǹkàwé méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ń ka ohun tí akọ-ètò kọ. Akọ-ètò náà yóò tún ka ohun tí ẹ̀rọ kọ nípa rẹ̀. Ìkàwé kejì yìí ni àwọn aròkọ méjèèjì dá lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkàwé kìíní ni àkọlé wọn ń pariwo.

Aròkọ kìíní: ohùn ẹni tí ó délé láti ọjà

Al Bessey, Dawson Engler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n kọ aròkọ A Few Billion Lines of Code Later. Ó jáde nínú Communications of the ACM ní oṣù Èrèlé, ọdún 2010. Yunifásítì Stanford ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Coverity sílẹ̀ láti máa ta irinṣẹ́ wọn. Aròkọ náà dà bí ìtàn tí ọlọ́jà ń sọ nígbà tí ó bá ti ìrìn-àjò dé: bí a ṣe rò pé yóò rí, bí ó ṣe rí.

Agbára aròkọ yìí wà nínú òótọ́ inú àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀. Wọn kò fi ìṣòro tí wọ́n bá pàdé pamọ́. Wọ́n sọ pé bí ẹ̀sùn èké bá ti ju 30 nínú 100 lọ, àwọn akọ-ètò yóò pa irinṣẹ́ náà tì. Ẹ̀sùn òótọ́ náà yóò sì bá èké lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lépa fún irinṣẹ́ wọn ni kí èké má ju 20 nínú 100. Wọ́n sọ nípa akọ-ètò tí ẹ̀rọ bá wí pé apá kan nínú ètò rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Òǹkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó sì ní kí iṣẹ́ máa lọ níwọ̀n ìgbà tí òǹkà bá ṣì kéré sí òdo. Akọ-ètò náà jiyàn pé yóò kúkú ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ni ó jàre, ṣùgbọ́n ènìyàn ni oníbàárà. Wọ́n tún sọ nípa àwọn oníbàárà tí inú wọn kò dùn nígbà tí irinṣẹ́ náà gbọ́n sí i, nítorí pé iye àṣìṣe tí ọ̀gá wọn yóò rí yóò lọ sókè.

Ibi tí aròkọ yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni bí ó ṣe ya àwòrán akọ-ètò. Nínú rẹ̀, akọ-ètò dà bí aláwàdà inú eré: ó ń jiyàn, ó ń kọ̀, ó ń ṣì í mú. A kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti béèrè pé kí ni ó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀sùn dé, tàbí ọjọ́ wo ni ó ti kọ ohun tí wọ́n ń bá a wí lé lórí.

Èyí tí ó wúwo jù ni ìjẹ́wọ́ kan. Wọ́n ní ẹ̀sùn tí kò bá yé akọ-ètò yóò di èké lójú rẹ̀, nítorí náà àwọn ti jáwọ́ pátápátá nínú àwọn àyẹ̀wò kan tí àbájáde wọn ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí. Àwọn àyẹ̀wò náà lè rí àṣìṣe gidi. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ ni pé wọ́n le. Bí olùkọ́ Yorùbá bá sọ pé òun kò ní máàkì àmì ohùn mọ́ nítorí pé kò yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ǹjẹ́ a ó yìn ín? "Ọkọ", "ọkọ̀" àti "ọkọ́" kò ní torí bẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀ kan náà.

Aròkọ kejì: láti òdo sí 70

Ní oṣù Ògún, ọdún 2019, Dino Distefano, Manuel Fähndrich, Francesco Logozzo àti Peter O'Hearn tẹ aròkọ Scaling Static Analyses at Facebook jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà. Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé. Infer ni èkíní. Ilé-iṣẹ́ Monoidics ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣẹ̀ wá, Facebook sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2013. Èkejì ni Zoncolan, tí ó ń wá ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé.

Ìtàn tí ó gbé aròkọ yìí ró kúrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Infer a máa ka gbogbo ètò, a sì kó àṣìṣe tí ó bá rí jọ sínú àkójọ kan. Àwọn òǹkọ̀wé náà wá pín ẹ̀sùn bí 20 sí 30 fún àwọn akọ-ètò. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ kára kí ẹ̀sùn èké lè dín sí ìsàlẹ̀ 20 nínú 100 lójú tiwọn. Síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó tún ohunkóhun ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí àsìkò padà. Ìgbà tí akọ-ètò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àyípadà wá kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a yẹ̀ ẹ́ wò ni Infer ń sọ̀rọ̀ báyìí, lórí àyípadà yẹn nìkan. Àtúnṣe fò sókè kọjá 70 nínú 100. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ìwọ̀n ẹ̀sùn èké kan náà ni.

Ibí ni aròkọ kejì ti tún aròkọ kìíní ṣe, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aròkọ kìíní mú wa gbà pé bí èké bá ti dín sí ìwọ̀n kan, òtítọ́ yóò tà. Aròkọ kejì fi hàn pé èké dín, òtítọ́ sì tún kùtà. Àlàyé tí àwọn òǹkọ̀wé ṣe jẹ mọ́ ọkàn ènìyàn: ẹni tí ó ti kúrò lórí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ohun tí ó ń rò nígbà náà kí ó tó lè tún un ṣe, ìrántí yìí sì ń náni ní nǹkan. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí a gbé ẹ̀sùn fún lè má jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n tilẹ̀ fún èrò wọn àtijọ́, pé kí a ṣá ti to àṣìṣe sílẹ̀ yóò tó, ní orúkọ yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín báyìí yẹ fún ọ̀wọ̀.

Ṣé ẹni tí ó rà á ni yóò sọ pé òtítọ́ ni?

Àríwísí mi tí ó tóbi jù kan àwọn aròkọ méjèèjì. Nínú aròkọ kìíní, ẹ̀sùn tí kò bá yé òǹkàwé ti di èké. Nínú aròkọ kejì, iye ẹ̀sùn tí akọ-ètò tún ṣe ni a fi ń yangàn. Tíọ́rì òǹkàwé gan-an ni wọ́n ń lò láìmọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lò ó dé ibi tí ó léwu. Òǹkàwé lè dá ìtumọ̀ ewì sílẹ̀. Kò lè fi kíkọ̀ rẹ̀ sọ òdo di 1.

Ohun tí ó jẹ́ kí n sọ báyìí ni pé ọ̀nà mìíràn wà. Ní oṣù Bélú, ọdún 2003, irinṣẹ́ Astrée, tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ oníwádìí tí tọkọtaya Cousot wà nínú rẹ̀ jáde, ka ètò tí ó ń darí bàálù Airbus A340. Ètò náà jẹ́ ìlà 132,000. Láàárín wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20, ó fi ẹ̀rí hàn pé irú àṣìṣe tí ó lè dá ètò dúró lójijì kò sí nínú rẹ̀. Kò fojú fo nǹkan kan nínú irú àṣìṣe tí ó ń wá, kò sì sí ẹ̀sùn èké. Lóòótọ́, irú ètò kan pàtó ni a dá Astrée fún, kì í ṣe gbogbo ìwé ni ó lè kà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ẹ̀sùn náà dùn mọ́ akọ-ètò. Àwọn tí yóò jókòó sínú bàálù ni a ń rò.

Kí a má baà ṣe àbòsí, àwọn òǹkọ̀wé aròkọ kejì mọ èyí ní ìwọ̀n tiwọn. Fún àṣìṣe tí ó lè ṣílẹ̀kùn fún olè, wọ́n gbà pé àfojúfò burú ju ẹ̀sùn èké lọ, wọ́n sì gbà kí Zoncolan pariwo díẹ̀ sí i, kí àwọn onímọ̀ ààbò lè bá a yẹ ẹ̀sùn náà wò. Ohun tí wọn kò ṣe ni kí wọ́n mú ìmọ̀ yìí padà wá bá òṣùwọ̀n ìyókù. Àwọn ẹ̀sùn tí kò sí lára 70 yẹn, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí wọn? Èwo ni èké, èwo ni òtítọ́ tí ó kùtà? Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ àtúnṣe nìkan, irinṣẹ́ tí ó bá ń sọ kìkì ohun tí ó rọrùn láti tún ṣe ni yóò gba máàkì jù.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ̀yin olùkọ́ àwọn olùkọ́, èdè yòówù tí a ń kọ́, Haúsá, Ígbò, Yorùbá, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa ni a ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo rí ẹ̀kọ́ mẹ́ta fún wa.

Àkọ́kọ́ ni àsìkò. Ìwé tí mo dá padà ní ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò parí dà bí àkójọ ẹ̀sùn tí Infer kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti wà lórí ìrìn-àjò ilé. Láti ìgbà náà, orí kan ni mo ń gbà lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń dá a padà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orí tí ó kàn. Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí lásìkò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́: ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ kíláàsì yóò wọlé ju èyí tí ó dúró de ìparí sáà.

Èkejì ni èké. Olùkọ́ náà ń fi ẹ̀sùn èké kan akẹ́kọ̀ọ́. A máa ń fa ilà pupa sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ti ilé wá, bí ẹni pé àṣìṣe ni, nígbà tí ó jẹ́ pé àwa ni a kò gbọ́ ọ rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí irú èyí bíi mélòó kan, kò ní gba èyí tí ó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a má tà á ní ọ̀pọ̀. Bí àmì ohùn bá ṣòro fún wọn, kí a wá ọ̀nà tí yóò fi yé wọn, kí a má torí rẹ̀ jáwọ́. Ẹni tí a ń kọ́ lónìí ni yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́la. Àwọn ọmọ yẹn ni èrò inú bàálù tiwa.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti yẹ aròkọ méjì wò tí ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ó ń ka ètò kọ̀ǹpútà. A yìn wọ́n fún òótọ́ inú, a sì yin aròkọ kejì pé ó fi hàn gbangba pé àsìkò lè sọ òtítọ́ tí kò tà di èyí tí a ń dù. A bá wọn wí pé wọ́n fi ìfẹ́ òǹkàwé súnmọ́ òṣùwọ̀n òtítọ́ jù. Òwe wa kò sọ pé kí òtítọ́ má lọ sí ọjà mọ́, kò sì sọ pé kí ó di èké kí ó lè tà. Ẹni tí ó gbé e ni kí ó jí lọ ní kùtùkùtù, kí ó sì mọ ẹni tí ó ń pàtẹ fún. Ní tèmi, mo ti pe akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọ̀lẹ rí. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà.